Okùn Àrokò Méjì àti Aṣọ Àwẹ̀ró

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọláṣení ahunṣọ jókòó sí ìdí òfì rẹ̀, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lórí iyọ̀. Ó ní ọbẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà kò ní iyọ̀. Ẹnitàn ìyàwó rẹ̀ ní iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀, ẹnu ọkọ òun ni kò sí nílé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó lọ bu omi wá, bóyá òun á fi wá ẹnu òun tó sọnù rí. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán náà. Adìẹ ń jẹ̀ kiri lẹ́bàá ògiri, òwú aláró tí wọ́n sá sórí okùn ń mì díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Bí ènìyàn bá mọ̀ pé irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni òun yóò máa wá kiri nínú ọkàn òun títí ayé, bóyá ì bá tún jókòó pẹ́ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Ẹnitàn kò mọ̀. Ó bu omi fún ọkọ rẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Kí oṣù náà tó parí, Ọláṣení kú. Ibà ni wọ́n pe àìsàn náà, kò sì pẹ́ lára rẹ̀ tó fi mú un lọ. Ó fi Ẹnitàn sílẹ̀. Ó fi Lágbàyí àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, tí òun náà jẹ́ ahunṣọ ṣùgbọ́n tí orúnkún ti ń dà á láàmú. Ó fi Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, sílẹ̀. Ó sì fi ìdì òwú ńlá kan sílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti rẹ sínú aró, tó ti sá gbẹ, tó sì ti sọ ẹni tó ni ín fún gbogbo ilé. Òwú aṣọ ìyàwó Àwẹ̀ró ni.

Ní ìlú Agbóròdé tí wọ́n ń gbé, bí ọmọ ahunṣọ yóò bá lọ sílé ọkọ, aṣọ tí a fi òwú bàbá rẹ̀ hun ni wọn yóò dà bò ó lórí. Aṣọ tí a rà lọ́jà kò ṣe é rọ́pò rẹ̀. Aṣọ tí kò pé kò sì ṣe é dà boni. Bí wọ́n ṣe ń hun ún ni pé wọn yóò hun ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn gbọọrọ, tí ìbú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ọ̀já náà bá gùn tó bó ṣe yẹ, wọn yóò gé e sí ọgbọọgba, àwọn obìnrin yóò sì rán àwọn tí a gé náà mọ́ ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi di aṣọ. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Títí ọ̀já náà yóò fi pé, ẹnikẹ́ni kì í fi apá wọ̀n ọ́n, wọn kì í sì í sọ iye rẹ̀ jáde lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí o bá bi ahunṣọ léèrè ibi tó bá aṣọ ìyàwó dé, ìdá tó ti hun ni yóò sọ fún ọ. Yóò ní òun ti hun ún dé ìdajì, tàbí òun ti hun ìdá kan nínú mẹ́rin. Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkùnrin méjì kan wà tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọláṣení nígbà èwe wọn. Ajéwọlé ń gbé ní Òkè-Ẹmì, Ṣàlàkọ́ ń gbé ní Ìta-Ìrókò, ìlú méjèèjì sì jìnnà sí ara wọn. Nígbà tí wọ́n wá síbi ìsìnkú, ìjà ni wọ́n fẹ́ẹ́ jà lórí ẹni tí yóò hun aṣọ ọmọ ọ̀gá wọn.

“Èmi ni,” Ajéwọlé ní. “Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá.”

“Ìwọ lo kọ́kọ́ dé,” Ṣàlàkọ́ dáhùn. “Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbá létí.”

“Ìyẹn ò fi hàn pé o mọṣẹ́.”

“Ó fi hàn pé wọ́n fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n.”

Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Ẹnitàn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó dá òwú náà sí méjì bí ọwọ́ rẹ̀ ti gbà á, kò fi òṣùwọ̀n kan wọ̀n ọ́n, ó sì kó o fún àwọn méjèèjì.

“Ẹ máa mú un lọ,” ó ní. “Kí olúkúlùkù yín hun ibi tí agbára rẹ̀ bá gbé e dé. Bí oṣù ìgbéyàwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sílé kí a mọ ohun tó kù. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ilé yìí la ó ti hun ún, lórí òfì bàbá yín.”

Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí pé aṣọ ìyàwó kì í gba ọwọ́ ìránṣẹ́ kọjá, wọ́n tún fi àdéhùn sí i pé àwọn fúnra àwọn ni yóò gbé ọ̀já wá sí Agbóròdé nígbà tí ìyàwó bá ń lọ.

Akínlàbí ni orúkọ ọkùnrin tí Àwẹ̀ró fẹ́ fẹ́, ará Ìdí-Àgbọn ni, lódìkejì odò. Ó ti mú sùúrù jálẹ̀ gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ì bá tún dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ọjọ́ ọjà kan tí kì í wá ohun tí yóò rà ní Agbóròdé, síbẹ̀ kì í ra nǹkan kan lọ sílé. Ṣùgbọ́n sùúrù bàbá rẹ̀ ti ń tán. Àyọ̀ká alárinà, obìnrin kan tó sanra, tó lọ́rọ̀ lẹ́nu, ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín ìdílé méjèèjì. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, ó wá sọ fún Ẹnitàn pé àwọn àna ti mú ọjọ́. Bí oṣù tuntun bá lé, wọn yóò wá gbé ìyàwó. Bí ti oṣù yẹn bá yẹ̀, òjò yóò ti dé, odò yóò ti kún, kò sì ní sí ìyàwó tí yóò ti ibẹ̀ kọjá títí di ìgbà iṣu tuntun.

“Bàbá Akínlàbí ní òun kò ní dúró de iṣu tuntun,” Àyọ̀ká wí. “Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan lọ́mọbìnrin nílé. Mo ní kó má sọ irú ẹ̀ mọ́. Ó tún un sọ.”

Àwẹ̀ró ń gbálẹ̀ lẹ́bàá wọn. Ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀ ló tún ń gbá.

Ẹnitàn fi ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí Ajéwọlé àti Ṣàlàkọ́. Ní ọjọ́ ọjà kan, èsì wọn dé ní àrokò láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù lé ni. Ajéwọlé fi okùn òwú kúkurú kan ránṣẹ́, ó ta kókó kan sí àárín rẹ̀, ó sì ti rẹ apá kan sínú aró, ó fi apá kejì sílẹ̀ ní funfun. Gbogbo ahunṣọ ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú ìdá méjì, ó ti hun ìdá kan, ó sì ní òwú ti tán lọ́wọ́ òun. Ṣàlàkọ́ náà fi okùn ránṣẹ́. Kókó méjì ló wà lára tirẹ̀, tó pín in sí mẹ́ta, apá kan ló sì jẹ́ aláró. Nínú ìdá mẹ́ta, ó ti hun ìdá kan. Ó tún fi ìdì òwú kékeré kan sí i, èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú sí òun, ìyàwó òun ti bí ìbejì, òun kò rí àyè jókòó sí ìdí òfì mọ́ nítorí àlejò àti igbe ọmọ.

Ẹnitàn gbọ́ ti ìbejì, inú rẹ̀ dùn. Ó wọlé lọ wá ohun tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ. Lágbàyí ní tirẹ̀ jókòó sórí àpótí níwájú ilé, ó mú okùn méjèèjì lọ́wọ́. Òun ni olórí ilé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tó mọ àrokò kà tó o ní àdúgbò náà. Ó wo okùn ti Ajéwọlé, ó wo ti Ṣàlàkọ́. Ti Ṣàlàkọ́ gùn ju ti èkejì lọ, nítorí pé olúkúlùkù gé okùn tirẹ̀ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n láti kókó dé kókó, ìkọ̀ọ̀kan wọn gùn tó ìka àárín. Lágbàyí so okùn méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó sì kà á. Apá márùn-ún ni. Méjì jẹ́ aláró, mẹ́ta jẹ́ funfun.

Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó pe Ẹnitàn jáde.

“Ìyàwó wa, jókòó,” ó ní. “Nínú ìdá márùn-ún, ìdá méjì péré ni àwọn ọmọ yìí hun. Ìdá mẹ́ta ló kù fún mi.”

Ẹnitàn jókòó. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n kà, ọkọ mi. Ṣé ọwọ́ yín lè ká a kí oṣù tó lé?”

“Bí mo tilẹ̀ ní orúnkún ọmọ ogún ọdún, kò lè ká a. Kì í ṣe ìyẹn nìkan.” Ó gbé ìdì òwú kékeré náà sókè. “Wo òwú tó kù. Kò ju orí ọmọ ọwọ́ lọ. Èyí kò lè hun ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, àfi bí mo bá ń fi itọ́ fà á gùn. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ òwú tó tó odindi aṣọ. Níbo ni ìyókù wà?”

Ẹnitàn gba ìdì òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó yípo.

“Ìbejì máa ń náni lówó,” Lágbàyí ní. Ó rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́ ohun tó ń sọ. “Ṣàlàkọ́ ti ta òwú ẹ̀gbọ́n mi.”

Àwẹ̀ró ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. “Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi Ṣàlàkọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀,” ó wí.

“Nígbà náà, sọ ibi tí òwú wà fún mi, ọmọ mi.”

Àwẹ̀ró di òpó ẹnu ọ̀nà mú. Bàbá rẹ̀ ti lọ. Bí aṣọ bàbá rẹ̀ bá tún lọ, Akínlàbí náà yóò lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lágbàyí ní ohun méjì ni òun yóò ṣe. Ní àárọ̀ ọ̀la, òun yóò rán ènìyàn sí Ìta-Ìrókò kí wọ́n gba òwú lọ́wọ́ Ṣàlàkọ́ níwájú àwọn àgbà ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ kí wọ́n tó bọ̀, oṣù á ti lé. Nítorí náà, kí wọ́n ránṣẹ́ pe Àyọ̀ká, kó lọ sọ fún àwọn àna pé kò ní ṣeé ṣe.

Àyọ̀ká dé nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan láìtíì fẹnu kan nǹkan. Wọ́n gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ fún un pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni Lágbàyí ń ro ẹjọ́ náà fún un. Nígbà tó rò ó tán, Àyọ̀ká dáwọ́ jíjẹ dúró, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ kalẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ yé,” ó ní. “Kí ni Ajéwọlé ní òun hun?”

“Ìdajì.”

“Kí ni Ṣàlàkọ́ hun?”

“Ìdá kan nínú mẹ́ta.”

“Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ èélòó?”

“Ìdá méjì nínú márùn-ún. Mo ti sọ ọ́.”

“Ṣé ìdá méjì nínú márùn-ún tó ìdajì?”

Lágbàyí rò ó. “Kò tó ìdajì. Ó kù díẹ̀.”

“Ẹn-hẹn.” Àyọ̀ká gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè. “Bàbá, mo ti jẹ èyí dé ìdajì. Bí ẹ bá tún bu òmíràn sí i fún mi, tí mo tún jẹ ẹ́, ṣé ohun tó wà níkùn mi yóò wá kéré sí ti tẹ́lẹ̀ ni?”

“Àyọ̀ká, ikùn tìrẹ kò ṣe é fi ṣe àpẹẹrẹ.”

“Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ikùn tiyín. Ajéwọlé nìkan hun ìdajì. Ṣàlàkọ́ wá fi tirẹ̀ kún un, aṣọ bá kúrú. Irú ìrànlọ́wọ́ wo nìyẹn? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣọpẹ́ pé ìbejì kò jẹ́ kó hun ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Àwẹ̀ró, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lágbàyí kò rẹ́rìn-ín. Ó na okùn tó so pọ̀ sí i. “Kì í ṣe ẹnu la fi ń ka àrokò. Okùn nìyí. Kà á.”

Àyọ̀ká kà á. Márùn-ún ni. Aláró inú rẹ̀ jẹ́ méjì. Ó tún un kà láti ìdí wá sókè, kò yàtọ̀. Ó dá okùn padà fún bàbá náà, ó ní òun mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò mọ ibi tó sá pamọ́ sí.

Ìgbà náà ni Ẹnitàn sún mọ́ wọn. Láti ìgbà tó ti wọ ilé náà, òun ló ń rán gbogbo ọ̀já tí ọkọ rẹ̀ bá hun pọ̀ di aṣọ, òun náà ló sì ń ṣẹ́ aṣọ po kó tó di ohun tí a gbé lọ sọ́jà. Ó tọ́ka sí okùn àkọ́kọ́.

“Ọkọ mi, ẹ má bínú. Okùn tí Ajéwọlé fi ránṣẹ́ yìí, kí ló dúró fún?”

“Aṣọ Àwẹ̀ró.”

“Odindi rẹ̀?”

“Odindi rẹ̀ ni. Ibi tó jẹ́ aláró ni èyí tó ti hun.”

“Ti Ṣàlàkọ́ ńkọ́?”

“Aṣọ Àwẹ̀ró náà ni.”

“Odindi?”

“Odindi.” Bí Lágbàyí ti sọ ọ́ tán, ó wo kókó tí òun fúnra rẹ̀ ta sáàárín okùn méjèèjì.

“Aṣọ méjì lẹ so pọ̀ yẹn,” Ẹnitàn rọra wí. “Àwẹ̀ró mélòó la fẹ́ẹ́ gbé níyàwó?”

Àyọ̀ká pàtẹ́wọ́. “Ibi tó sá pamọ́ sí nìyẹn,” ó ní, ó sì padà sídìí ọ̀ọ̀lẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Lágbàyí kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rín ń tètè yí lọ́kàn padà. Ó tú kókó náà. “Ó dára. Aṣọ kan ni. Èélòó ló wá kù nínú rẹ̀?”

Ẹnitàn wọlé, ó mú ọ̀já funfun kan jáde, tí kò gùn ju ènìyàn lọ, ó sì mú èédú kan nínú ààrò. Ó tẹ́ ọ̀já náà sórí ẹní. “Ẹ jẹ́ kí a sọ pé odindi aṣọ náà nìyí,” ó ní. Ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó tú u, ó fi èédú fa ìlà sí ojú ìṣẹ́po rẹ̀. Láti orí ọ̀já dé ìlà náà ni ti Ajéwọlé. Ó tún ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta, ó tú u, ó fa ìlà mìíràn sí ojú ìṣẹ́po àkọ́kọ́ láti ìdí rẹ̀. Láti ìdí dé ìlà yìí ni ti Ṣàlàkọ́. Láàárín ìlà méjèèjì, ibi funfun kékeré kan ṣẹ́kù.

“Ìyẹn ló kù,” Àwẹ̀ró wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Bàbá, ó mà kéré.”

“Mo rí i pé ó kéré,” Lágbàyí dáhùn. “Ṣùgbọ́n ahunṣọ kì í fi ‘ó kéré’ ta òwú sórí òfì. Ìdá mélòó ni? Ìdajì ò bá ìdá kan nínú mẹ́ta mu. Ìkan tóbi, ìkan kéré. Báwo ni mo ṣe fẹ́ẹ́ kà wọ́n pọ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọ̀já. Àyọ̀ká ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ sí márùn-ún, bóyá okùn bàbá kò ṣìnà tán. Wọ́n ṣẹ́ ẹ sí márùn-ún. Ìlà ti Ajéwọlé bọ́ sí àárín ìṣẹ́po kẹta, ti Ṣàlàkọ́ náà kò bá ojú ìṣẹ́po kankan mu. Wọ́n tú u. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n gbìyànjú mẹ́rin. Ìdajì bá mẹ́rin mu dáadáa, ó gba ìṣẹ́po méjì, ṣùgbọ́n ìlà ti Ṣàlàkọ́ tún bọ́ sáàárín.

“Ti Ṣàlàkọ́ yìí lágídí,” Àyọ̀ká wí. “Wọ́n kọ́kọ́ gbá a létí lóòótọ́.”

Ẹnitàn mú ọ̀já náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, nítorí Ajéwọlé. Kò tú u. Bó ṣe wà ní méjì yẹn, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣẹ́ sí mẹ́ta, nítorí Ṣàlàkọ́. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ kó mú dáadáa, lẹ́yìn náà ó tú u sórí ẹní. Ìṣẹ́po mẹ́fà ló wà lára ọ̀já náà, gbogbo wọn sì dọ́gba. Ìlà ti Ajéwọlé bọ́ sórí ojú ìṣẹ́po kan gẹ́lẹ́. Ìlà ti Ṣàlàkọ́ bọ́ sórí òmíràn gẹ́lẹ́. Kò sí èyí tó bọ́ sáàárín.

“Ẹ wá kà á báyìí,” ó ní.

Lágbàyí fi ìka kà á. Ìdajì ti Ajéwọlé gba ìṣẹ́po mẹ́ta. Ìdá kan nínú mẹ́ta ti Ṣàlàkọ́ gba ìṣẹ́po méjì. Nítorí pé ìṣẹ́po wọn ti dọ́gba, kò sí ohun tó ní kí ó má kà wọ́n pọ̀ mọ́. Mẹ́ta àti méjì jẹ́ márùn-ún. Nínú ìdá mẹ́fà, wọ́n ti hun ìdá márùn-ún. Ìdá kan ló kù.

Ó mú ìdì òwú kékeré náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé e sókè sódò bí ẹni tó ń wọn ẹran wò. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí òwú ti ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

“Ìdá kan nínú mẹ́fà,” ó wí. “Ó tó o. Ó tó géérégé.” Ó rọra gbé ìdì náà kalẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Gbogbo òwú náà ló dá padà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ olóòótọ́ di olè níwájú àwọn àgbà ìlú rẹ̀, nígbà tí ìbejì rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́.”

“Ẹ kò tíì ránṣẹ́,” Ẹnitàn dáhùn. “Ohun tí a kò tíì rán kò tíì dé.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà. “Bàbá, ṣé ẹ lè hun ìdá kan kí oṣù tó lé?”

Lágbàyí wo orúnkún ara rẹ̀ bí ẹni tó ń bi í léèrè. “Ẹ lọ wá òrí fún mi kí n fi pa á,” ó ní. “Bí ó bá kọ̀, màá fi ẹsẹ̀ kejì hun ún.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbá ìdí òfì Ọláṣení, wọ́n nu eruku ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tí onílé ti lọ, ẹnikẹ́ni kò jókòó síbẹ̀. Nígbà tí òfì náà dún fún ìgbà àkọ́kọ́, Ẹnitàn tó wà lẹ́yìnkùlé dúró gbọnrangandan. Ìró náà kò yàtọ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ti ògiri, ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá jókòó sẹ́bàá Lágbàyí, ó ń tú òwú fún un, àwọn méjèèjì sì ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Àwọn ará àdúgbò tó ń kọjá lọ ń dúró kí wọn, àwọn kan ń jókòó. Ilé náà, tí àwọn ènìyàn ti ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tún di ilé tí wọ́n ń wọ̀.

Nígbà tí oṣù lé, Ajéwọlé dé pẹ̀lú ọ̀já tó ká bí ẹní. Ṣàlàkọ́ dé lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọ̀já tirẹ̀ lé orí, ó pọn ìbejì kan, ìyàwó rẹ̀ pọn ìkejì.

“Ọkùnrin tó ń pọnmọ,” Ajéwọlé ní. “Wò ó bí ó ṣe bá ọ mu.”

“Màá dúró de tìrẹ,” Ṣàlàkọ́ dáhùn. “Méjì ni mo bí lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ lo kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n mo ti kọjá lára rẹ.”

Lágbàyí gba ọmọ ẹ̀yìn Ṣàlàkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn mọ́ ní gbogbo ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún Ṣàlàkọ́, àfi òun fúnra rẹ̀ nígbà tó yá, ẹ̀rín ni Ṣàlàkọ́ sì fi gbà á.

Wọ́n tẹ́ ọ̀já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní àgbàlá, wọ́n fi orí ìkan kan ìdí ìkejì. Nísinsìnyí, kò sí èèwọ̀ mọ́. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó pé. Wọ́n gé e, àwọn obìnrin ilé jókòó yí i ká, wọ́n ń rán an, wọ́n ń kọrin ìyàwó, Ẹnitàn ló sì fi abẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n da aṣọ náà bo Àwẹ̀ró lórí, Àyọ̀ká jó títí gèlè rẹ̀ fi tú. Akínlàbí, tó yẹ kó dúró sílé de ìyàwó rẹ̀, wà ní etí odò láti àárọ̀, ó ń sọ fún ẹni tó bá bi í pé òun ń wo bí omi ṣe ga tó.

Láti ìgbà náà ni Lágbàyí ti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn di ohun tí ó fi ń ṣe ìdájọ́. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé òun gbé ẹrù lẹ́ẹ̀kan, lágbájá náà gbé e lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà iṣẹ́ àwọn dọ́gba, yóò bi í léèrè bóyá ìwọ̀n ẹrù wọn rí bákan náà. Ẹnitàn náà lò ó lẹ́ẹ̀kan. Opó kan ní àdúgbò, tó fẹ́ẹ́ tù ú nínú, ní ọ̀fọ̀ kan ni tòun, ọ̀fọ̀ kan ni ti Ẹnitàn, bí wọ́n bá kó o pọ̀, ó di méjì, kí wọ́n jọ máa rù ú. Ẹnitàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó, ìyá mi, kí n gbọ́ bí tiyín ti tóbi tó, kí ẹ̀yin náà gbọ́ tèmi.” Wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí ti lọ tipẹ́. Òfì Ọláṣení ti wó, aṣọ Àwẹ̀ró ti gbó, wọ́n ti fi àkísà rẹ̀ pọn ọmọ àwọn ọmọ rẹ̀, òun náà ti tán. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju gbólóhùn kan lọ, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń sọ bí ènìyàn bá ń yára ka ohun tí kò tíì dọ́gba mọ́ ara wọn: Ìṣẹ́po tó bá dọ́gba là á kà pọ̀.